Ẹ má pè é ní "orin jàgídíjàgan" mọ́

Ẹ̀yin ará, orúkọ Yorùbá la ń wá fún hardcore àti gabber, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, tí ìlù rẹ̀ le tó sì ń sáré. Bọ̀dá tó ní ká máa pè wọ́n ní "orin jàgídíjàgan", mi ò gbà rárá. Jàgídíjàgan kẹ̀? Orúkọ àwọn tó ń fọ́ ìgò nígboro lásìkò ìdìbò lẹ fẹ́ fi pe orin tí mò ń gbọ́ ní Bódìjà níbí láti àárọ̀ dalẹ́? Gabber yẹn gan-an, ọ̀rẹ́ ló túmọ̀ sí, ẹnà ìgboro Amsterdam ní Netherlands ni, inú èdè Yiddish ni wọ́n ti mú un, kó tó di pé orin náà gbóná ní Rotterdam lẹ́yìn 1990. Àwọn tó ń pera wọn lọ́rẹ̀ẹ́ lẹ wá ń pè ní jàǹdùkú.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni "orin ìpá" tí àǹtí wa dá lábàá. Àmì ohùn, ẹ jọ̀ọ́! Tó bá jẹ́ agbára ni, ipá ni, ohùn àárín ló wà lórí i. Ìpá, àìsàn tó ń mú kórópọ̀n wú ni. Wọ́n ní ìpá inú "ta nípàá" làwọn ń sọ, torí kick, ìyẹn ìró ìlù ńlá tó ń dún gbì, ni eegun orin náà. Òótọ́ ni, kick ni eegun rẹ̀, ẹ̀rọ ìlù TR-909 ti iléeṣẹ́ Roland ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n á tì í títí ohùn rẹ̀ á fi ya, á wá máa dún gbì gbì gbì gbì, ó lè dún tó ìgbà 180 láàárín ìṣẹ́jú kan, àyà mi á sì máa bá a lù. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ "orin ìpá" ní Dùgbẹ̀ tí kò ní rò pé àgbo ni wọ́n ń polówó?

Bàbá wa tó fi òwe lé e pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló máa ya, mo dọ̀bálẹ̀ sà, mo mọ̀ pé ilé onílù bàtá ni wọ́n bí yín sí. Yíya yẹn gan-an la fẹ́, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà ẹ rántí bí omele ṣe máa ń sáré tí egúngún bá ti gbòde, ta ló pe ìyẹn láriwo? Àwọn ọmọ Dar es Salaam ní Tanzania náà ní singeli, orin eré sísá tiwọn, ìlù rẹ̀ máa ń kọjá 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń jó o níta gbangba.

"Ìlù kíkankíkan" lèmi wí. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan, a gbàdúrà kíkankíkan, kò sí ìjà níbẹ̀, agbára àti àìdẹwọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní kíkankíkan ò lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ, ṣé kò gbọ́ "àdúrà kíkankíkan" rí ni?

Ó wá ku ijó àwọn onígabber, hakken, tó túmọ̀ sí kéèyàn máa gé tàbí máa ṣá nǹkan lédè Dutch. Àwọn kan ní "ijó gígé", àwọn kan ní "ijó ṣíṣá". Ẹ wo bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń já lulẹ̀ léraléra, bí ìgbà tí wọ́n ń fi àdá ṣá igi ni. Ṣíṣá ni mo fara mọ́, ẹni tó bá ní gígé kó wá sọ ohun tó ń gé fún wa.