Pásítọ̀ ní kí n yí orúkọ ìdílé wa padà kí wọ́n tó sọ ọmọ mi lórúkọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìkókó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìyàwó mi bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ.

Ifá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa. Pásítọ̀ ìjọ wa l'Ékòó ní àwọn ò ní sọ ọmọ náà lórúkọ àfi tí mo bá kọ́kọ́ lọ búra ní kóòtù, kí n sọ Fá di Olú. Ìyàwó mi ti wọn lẹ́yìn.

Ẹ̀sìn mẹ́ta ló wà nílé wa. Babaláwo ni bàbá mi, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Ìkirè ni wọ́n wà. Mùsùlùmí ni ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tí mo wà ní pólì ni mo di onígbàgbọ́, Bàbá ò sì bínú. Àwọn ló fún mi lówó tí mo fi ra Bíbélì mi àkọ́kọ́. Bí Iléyá bá dé, iwájú ilé wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pa àgbò.

Mo pè wọ́n lálẹ́ àná láti ṣàlàyé. Wọn ò pariwo. Fáànù wọn ni mò ń gbọ́, tó ń dún kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, "Ṣé bàbá mi ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Oorun ò kùn mí láti ìgbà náà. Mi ò fẹ́ ṣẹ Ọlọ́run, mi ò fẹ́ ṣẹ bàbá mi. Kí ni kí n ṣe?

Alhaja Ọjà-Ọba:
Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọmọ mi, Fá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọkọ mi náà. Òun ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù tí a fi lọ Mẹ́kà, ẹnikẹ́ni ò dá wa padà. Ṣebí Mùsùlùmí ni Gani Fáwẹ̀hìnmi, agbẹjọ́rò ará Oǹdó? Aliu Babátúndé Fáfúnwá ńkọ́, tó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi Yorùbá kọ́ ọmọ níwèé ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970? Wọ́n kírun, wọ́n sì jẹ́ orúkọ bàbá wọn.

Ìyá Ìní:
Èmi yí tèmi o, mi ò sì kábàámọ̀. Ògún ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gba Jésù lè fẹ́ kí orúkọ òun náà jẹ́rìí, ẹ má bú ìyàwó wọn. Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá, ẹ ò ṣe é re. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi kí n tó dé kóòtù. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù rárá.

Akọ̀wé:
Èmi náà yí orúkọ. Lẹ́yìn ìwé ìbúra, ó kan ìwé ìròyìn, ó kan NIN, ó kan báǹkì. Orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lára páálí mi dòní, ibi tí mo bá ń lọ ni mò ń gbé ìwé ìròyìn yẹn lọ. Abala 38 ìwé òfin 1999 fún yín láṣẹ láti pààrọ̀ ẹ̀sìn. Kò sí ibi tó ti ní ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀sìn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ orúkọ.

Ọmọ Onítẹ̀bọmi:
Ẹ bá mi bi pásítọ̀ yín: ṣé kì í ṣe onígbàgbọ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólówọ̀, pẹ̀lú awo nínú orúkọ rẹ̀? Nínú ìjọ tiwa, David Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ lọ́dún 1894, ó di Mojọlá Àgbébí, ó sì ń wàásù lọ. Ó dùn mí pé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi dè yín lọ́wọ́. Bí wọn ò bá sọ ọ́ lórúkọ, àgbà onígbàgbọ́ mìíràn á gbàdúrà sí i.

Bàbá Ìkókó:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ìyá Ìní, ẹ bá mi wí dáadáa, mo gbà. Mo ti wà ní Ìkirè láti àárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Bàbá ní kí n dìde wá jẹun ná. Ẹ̀gbọ́n mi ti so àgbò mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé orúkọ wa ò ní yí. Inú wọn ò dùn.

Ìyàwó mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó pè nísinsìnyí, ó ní kí n bi Bàbá léèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ. Bàbá ní kí n gbé fóònù fún àwọn, àwọn fẹ́ fi ẹnu ara àwọn sọ ọ́ fún un.