Ọmọ oṣù 15 kò tíì rìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 13 kò ga: ìgbà wo ló yẹ kí òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Kàbbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gba oorun lójú mi láti bí oṣù méjì. Àbíkẹ́yìn mi, obìnrin, ti pé oṣù 15, kò sì tíì dá rìn. Kò rákòrò rí. Ìdí ló fi ń wọ́ kiri ilé, a máa di ẹsẹ̀ àga mú dìde, a sì tún jókòó gbì. Ọmọ àbúrò ọkọ mi tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà ti ń lépa adìẹ lágbàlá, ìyá ọkọ mi kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìfi àwọn méjèèjì wé ara wọn.

Àkọ́bí mi, ọmọkùnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 13, ó wà ní JSS 3. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ti ga jù ú lọ. Ní gbogbo oṣù Kejìlá ni bàbá wọn máa ń fi èédú sàmì gíga wọn sára férémù ilẹ̀kùn. Lọ́dún tó kọjá ni àmì ọmọbìnrin bọ́ sókè ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ọmọkùnrin yìí kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn òun mọ́. Kì í sùn títí aago 12 òru, jíjí aago 6 sì ti di ogun. Bí mo bá bá a wí, ó ní èsì sí gbogbo rẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan níbi tí a ti lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. "Á rìn" nìkan ló sọ, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ìwé tó ń kọ. Ẹ dákun, kí ni kí n máa wò?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ìsánlú

Àbúrò mi, okun o. Àjọ Ìlera Àgbáyé tọpa àwọn ọmọ tí ara wọn dá ní orílẹ̀-èdè 5, tí Gánà wà lára wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn kan ti ń dá rìn láti bí oṣù 8, àwọn mìíràn kò rìn títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pé oṣù 18, gbogbo wọn ló sì wà nínú ààlà. Nínú 100 ọmọ, bíi 4 ni kò rákòrò rárá. Ọmọ tó ń fìdí wọ́ sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rìn, nítorí náà oṣù 15 kò tíì jẹ́ ohun ẹ̀rù.

Bí agbára ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ni èmi máa ń wò: ọrùn á kọ́kọ́ le, ẹ̀yìn á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìdí, kí ó tó kan ẹsẹ̀. Ọmọ yín ti dé ibi tó ń di àga mú dìde, ó kù díẹ̀. Èyí tó máa ń já mi láyà ni ọmọ tó ti ń ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ tó wá ṣíwọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, èyí tí ara rẹ̀ gan bí igi tàbí tó rọ̀ jù, àti èyí tí kì í yíjú sí ìró.

Ẹ tún rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀: ṣé ojú rẹ̀ pọ́n, ìyẹn ni pé funfun ojú àti ara rẹ̀ di àwọ̀ yẹ́lò? Èyí tó bá le lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́, ohun tí a sì máa ń fi ọwọ́ ara wa fà ni, nítorí kánfò tí a ń kó sínú àpótí aṣọ. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà G6PD tó, bẹ́ẹ̀ èéfín kánfò máa ń fọ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rántí ọmọ ọjọ́ 5 kan tí wọ́n gbé wọlé: kí n tó ṣí aṣọ tí wọ́n fi wé e ni òórùn kánfò ti kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Aṣọ ìkókó ìyá bàbá rẹ̀ tó ti wà nínú àpótí láti ọdún gbọ́nhan ni, ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé e fún un.

Bí ó bá pé oṣù 18 láìrìn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé.

Bàbá Àgbẹ̀ Kaṣú, Ìyàrà

Ẹ ṣeun, màmá nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òǹkà yìí ti pọ̀ jù. Ìyá tó bí mi kò mọ iye oṣù tí mo fi rìn. Ó wẹ̀ mí, ó fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀, ó nà mí, ó gbé mi dúró lórí itan rẹ̀, mo sì rìn. Àwọn ìyá òde òní a gbé ọmọ sínú àga onítáyà tí ọmọ ń fẹsẹ̀ tì kiri, wọn a sì kọjú sí fóònù.

Olùkọ́ Girama, Mọ̀pà

Bàbá Àgbẹ̀ kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kò jàre tán. Charles Super, ará Amẹ́ríkà, ṣèwádìí láàárín àwọn Kipsigis ní Kẹ́ńyà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1976. Àwọn ìyá ibẹ̀ a máa gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọn a fi aṣọ tì í, wọn a gbé ọmọ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè le; wọn a sì tún máa dì í mú kọ́ ọ ní ìrìn. Àwọn ọmọ náà yára jókòó, wọ́n sì yára rìn ju ti Amẹ́ríkà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò yára rákòrò, nítorí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní ìyẹn. Ìnà ara tí àwọn ìyá wa ń ṣe nídìí ìwẹ̀ wúlò nígbà náà. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ọmọ sókè tàbí tí wọ́n ń di orí rẹ̀ gbé e, èmi kò sí níbẹ̀. Ní ti àga onítáyà, Kánádà fòfin de títà rẹ̀ láti 2004, nítorí ọmọ máa ń tì í ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ wá wo ìlà àárọ̀ nílé ìwé wa, níbi tí wọ́n ti ń to ọmọ bí wọ́n ṣe ga sí: ní JSS 2, àwọn obìnrin ló kún ẹ̀yìn ìlà, kí wọ́n tó dé SS 2, àwọn ọkùnrin ti gba ibẹ̀. Ìbàlágà obìnrin lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà láàárín ọdún 8 sí 13, ti ọkùnrin láàárín 9 sí 14, ìgbà tí ọmọkùnrin sì ń ga jù lọ máa ń tẹ̀yìn ti ọmọbìnrin dé ní bí ọdún 2. Àmì àkọ́kọ́ lára ọmọkùnrin kì í ṣe ohùn tó ki, kóró ẹpọ̀n tó ń tóbi ni, nítorí náà bàbá rẹ̀ ni kó bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́. Bí ó bá pé ọdún 14 láìsí àmì kankan, ẹ rí dókítà.

Oorun rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ lásán. Lásìkò yìí, èròjà tí ọpọlọ fi ń pe oorun máa ń pẹ́ jáde lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ara ṣì ń fẹ́ wákàtí 8 sí 10. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago 9.

Ní ti èsì tó ń fún yín, Jean Piaget, ọmọ Switzerland tó kú ní 1980, fi hàn pé ọ̀nà tí ọmọ gbà ń ronú gan-an ló ń yí padà bí ó ṣe ń dàgbà. Mo dán ọ̀kan nínú ìdánwò rẹ̀ wò nílé. Mo bu omi tó dọ́gba sínú ife méjì, mo da ọ̀kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ọmọ mi ọmọ ọdún 5. Ó ní ti inú ìgò pọ̀ jù. Mo dà á padà sínú ife, ó ní wọ́n dọ́gba. Mo tún dà á sínú ìgò, ó ní ó tún ti pọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 8 sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Láti bí ọdún 11, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí kò sí níwájú rẹ̀, ìyẹn ni "ká ní" àti "kí ló dé", kò sì ní sí òfin ilé tí kò ní fọ́ wò. Ọgbọ́n rẹ̀ ti ṣáájú ìkóra-ẹni-níjàánu, nítorí apá ọpọlọ tó ń ṣe ìyẹn kì í gbó tán títí di bí ọdún 25. Ẹ bá àfojúdi wí, kí ẹ sì dá ìbéèrè lóhùn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Kàbbà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ojú ọmọ náà pọ́n ní ọjọ́ kẹta lóòótọ́. Oòrùn àárọ̀ ni wọ́n ní kí a máa gbé e sí, ó sì lọ ní ọjọ́ kẹjọ. Mo lu àwo lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kíá ló yíjú. Kánfò 6 ni mo bá nínú àpótí wa.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ìsánlú

Oòrùn àárọ̀ kò tó fún èyí tó bá le. Iná aláwọ̀ búlúù tó wà nílé ìwòsàn ni a fi ń wò ó. Níwọ̀n bí ojú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ má dúró de oṣù 18 mọ́: ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó lè máa gbọ́ ìró àwo kí ó má gbọ́ ohùn tó rọra jáde.