Ilé létí odò Ògùn: ṣé kí n sanwó?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí ilé kan ní Ìṣẹrí, owó rẹ̀ ò wọ́n rárá. Àmọ́ àmì omi wà lára ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé! Baba onílé ní ìgbà tí wọ́n bá tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, nìkan lomi ń dé ibẹ̀. "Nìkan" kẹ̀? Láti 1983 ni dáàmù yẹn ti wà. Tí òjò bá pọ̀ tí adágún rẹ̀ kún, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fómi ni, kó má baà ya dáàmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbébẹ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ kómi tó dé? Tó bá dé ńkọ́, ọjọ́ mélòó ló ń lò kó tó fà? Owó ọdún méjì ni baba ń bèèrè o.