Ìwúkàrà kọ́ ni bákìn páúdà o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Mo rí àkójọ ọ̀rọ̀ ìdáná tí ọ̀gá wa kan fi ránṣẹ́ lánàá, pé káwọn tó fẹ́ kọ́ ọmọ wọn ní oúnjẹ sísè àti kéèkì yíyan máa lò ó. Wọ́n ṣeun, iṣẹ́ kékeré kọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n pe yíìsì ní ìwúkàrà, tí wọ́n tún pe bákìn páúdà ní "ìwúkàrà oníyẹ̀fun", tí bákìn sódà wá di "ìwúkàrà funfun"? Ṣé gbogbo ohun tó bá ti ń mú nǹkan wú náà ni ìwúkàrà ni?

Yíìsì, nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Ẹ dà á sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 10 ó ti ń hó lójú omi bí ọṣẹ. Tómi bá gbóná jù, ó kú nìyẹn. Màmá àgbà tó kọ́ wa ní búrẹ́dì kì í sọ pé ó ti wú nígbà yẹn, "ó ti jí" ni wọ́n máa ń wí. Ẹ gbọ́ Yorùbá! Wọn ò sì ka gírámà kankan o.

Bákìn páúdà ò lẹ́mìí rárá, sódà ni wọ́n pò mọ́ nǹkan kíkan gbígbẹ, bómi bá ṣe kàn án báyìí ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ooru ààrò tá a fi ń yan kéèkì á wá parí ẹ̀. Ṣíbí tíì kan sí ife ìyẹ̀fun kan ti tó. Tẹ́ ẹ bá ní ìwúkàrà ni méjèèjì, ọmọ á po kéèkì tán, á bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan kó lè wú bíi ti búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á ti jáde lọ, kéèkì á wá rí pẹlẹbẹ. Ta la máa bú, ọmọ ni àbí ẹni tó fún un lọ́rọ̀?

Ẹlòmíì tiẹ̀ kọ ìwúkàrà ní "ìwùkàrà". Àmì ohùn dà? Ohun tó wu àkàrà nìyẹn, kí ló ń wu àkàrà? Ẹni tó sì ní wú kì í gba àbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé ìṣe láti sọ ẹni tàbí ohun tí ìṣe náà kàn, pé ìwúkàrà fúnra ẹ̀ ò bófin mu, "ó wú mi lórí" ńkọ́? Kí ni "mi" yẹn ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú Bíbélì tipẹ́, ẹ fẹ́ lọ tú u palẹ̀.

Témi ni pé kí ìwúkàrà jẹ́ ti yíìsì nìkan. Kí páúdà máa jẹ́ páúdà, kí sódà máa jẹ́ sódà, ọ̀rọ̀ tá a yá lò láti èdè míì ni ṣúgà àti búrẹ́dì náà, ẹnu ò sì bó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òkúta mẹ́ta nìkan ni ààrò, pé ká má fi pe ohun tá a fi ń yan kéèkì, mo mọ òwe yín, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ fún wa lórúkọ míì nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe "àpótí-ooru" táwọn kan ń pè é yẹn o, ẹ dákun.