Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: Winnipeg ní Canada lọkọ mi wá lọ nígbẹ̀yìn, kì í ṣe Toronto

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo béèrè lọ́dún tó kọjá pé ṣé kí ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gba Toronto lọ ni àbí ìlú tó kéré sí i ní Canada, èmi àtàwọn ọmọ ṣì wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní ká má wo owó ilé nìkan, ká wò ó bóyá bọ́ọ̀sì ń dé ibi iṣẹ́ lálẹ́ àti ní kùtùkùtù. Ẹ̀bá ọ̀nà bọ́ọ̀sì lọkọ mi gba yàrá sí ní Winnipeg, kò tíì ra mọ́tò, kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, owó yàrá yẹn náà ò tó èyí tí wọ́n pè fún un ní Toronto. Ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tẹ́ ẹ ní kó wá, ibẹ̀ ló ti rí kóòtù tó nípọn gbà, torí òtútù wọ -30 ní ìwọ̀n Celsius lóṣù kìíní, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an lórí fóònù.

Lísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì ló ṣì ń fà. Òótọ́ lẹ sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní tiẹ̀, ti Manitoba, ìpínlẹ̀ tí Winnipeg wà, ló ń lé báyìí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló fi ń gbéra ró ná. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ lọ bá ilé ìwé yín kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, torí àwọn fúnra wọn ló máa fi ìwé ẹ̀rí yín ránṣẹ́ sí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tiwa pẹ́ kọjá oṣù mẹ́rin.

Físà tèmi àtàwọn ọmọ ló kù. Ẹ ṣeun gan-an.