Àwòrán ẹ̀sín àbí àwòrán ẹ̀fẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè lánàá pé kí la lè máa pe àwọn àwòrán tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yà láti fi àwọn agẹṣin ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ọ̀rúndún 19 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà fúnra wọn dábàá "àwòrán ẹ̀sín". Ẹ jọ̀ọ́, ká tó débì kankan, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì ohùn sí i. Ẹni tó kọ "aworan esin" gbalasa, ṣé ẹṣin ló ní lọ́kàn ni, àbí ẹ̀sín, àbí ẹ̀sìn? Ká má tilẹ̀ wá sọ ti àwa ọmọ Ìbàdàn tí ṣ ò jọ lójú. "Àwòrán ẹ̀sín ẹṣin" dùn létí, mo gbà. Ibi tó ti há mi lọ́fun ni pé ẹni tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín, ara máa ń ta á.

Ẹ wo ìwé tí Henry Bunbury, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé jáde ní 1787, An Academy for Grown Horsemen, ìwé àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹṣin gígùn. Ọ̀rúndún tuntun dé, ayàwòrán mìíràn, Thomas Rowlandson, tún àwọn àwòrán inú ẹ̀ yà. Bunbury ò fi orúkọ ara ẹ̀ síwèé yẹn o. Ó ní Geoffrey Gambado ló kọ ọ́, ọ̀gá àwọn olùtọ́jú ẹṣin olórí ìlú Venice. Venice, tó jẹ́ pé omi ni títì wọn! Ibo lẹṣin fẹ́ gbà?

Àkọlé àwọn àwòrán náà gan-an lẹ̀rín wà. Ọ̀kan, tó wà nínú ìwé Gambado kejì, ń kọ́ni bí a ṣe ń gun ẹṣin tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn, ó ní ọdún 1768 ni wọ́n ṣàwárí ọgbọ́n náà. Òmíràn ni ẹnì kan níbí túmọ̀ sí "Bí ẹṣin ṣe gbé ọkùnrin kan sá lọ". Ìròyìn nìyẹn, ẹ̀rín ti bọ́ dànù. Tíṣà ló ń sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá: "Bí a ṣe ń jẹ́ kí ẹṣin gbéni sá lọ". Àbùkù ti di ẹ̀kọ́.

Ẹ̀fẹ̀ lèmi gbọ́ níbẹ̀. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú mọmọ, akọrin a gbé ère rù, a máa sọ̀rọ̀ sí ará ìlú, ará ìlú a máa rẹ́rìn-ín. Gambado náà, ère tí Bunbury gbé rù ni. Nítorí náà, "àwòrán ẹ̀fẹ̀".

Àmọ́ n ò ní kí ẹ da ẹ̀sín nù. Ní December 1818, Denis Johnson, tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Long Acre nílùú London, gba ìwé àṣẹ lórí ẹṣin onígi kan: táyà kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò sí pẹ́dà, ẹni tó jókòó á máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ sáré. Ọdún 1819 ni àwọn ayàwòrán rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n gbé Prince Regent pàápàá, ọmọ ọba tó ń ṣàkóso nípò bàbá ẹ̀, tòun ti ikùn ẹ̀, lé e lórí. Ìyẹn, ẹ̀sín ni, nítorí ẹni tí wọ́n ń wí wà láàyè, ó sì mọ ara ẹ̀.

Ẹṣin onígi yìí ni wọ́n ń pè ní dandy-horse; dandy ni ọkùnrin tó fẹ́ràn oge ṣíṣe. Ẹni tó pè é ní "kẹ̀kẹ́ ẹṣin" ti ṣì í, torí ìyẹn ti wà nínú Bíbélì wa tipẹ́, ẹṣin gidi ló ń fà á. Mo dábàá "ẹṣin ológe". Àbúrò wa kan ní obìnrin ni wọ́n ń pè ní ológe. Ó dáa bẹ́ẹ̀: àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ń fi aṣọ de ìbàdí kó lè tín-ín-rín, ohun tí àwọn ayàwòrán sì fi ń bú wọn gan-an nìyẹn. Ẹ tún gbọ́ bó ṣe sún mọ́ "kẹ̀kẹ́ ológeere", ọmọ tí ẹṣin onígi náà padà bí.

Ẹni tó bá gbọ́ "ológe" rí fún ọkùnrin lágbègbè tiẹ̀, bóyá Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, kó jọ̀ọ́ kó kọ gbólóhùn kan ránṣẹ́, kó fi àmì sí i.