Ṣé òkun ni Hibiya tẹ́lẹ̀ lóòótọ́?

Ayọ̀_Tokyo: Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Oṣù kẹta rèé tí mo dé Tokyo, ọgbà ìgbafẹ́ Hibiya ni mo sì máa ń lọ tí mo bá fẹ́ jẹun ọ̀sán. Lánàá, bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ wà lórí bẹ́ńṣì fi ọ̀pá wọn gún ilẹ̀, wọ́n ní "umi". Òkun nìyẹn lédè wọn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ilé gogoro ni mo rí. Omi tí mo mọ̀ nítòsí kò ju ti yàrà tó yí ààfin ọba ká. Ṣé bàbá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, àbí èdè ni mi ò gbọ́?

Onítípà: Àbúrò, o gbọ́ ọ dáadáa. Orí òkun lo jókòó sí tó o ń jẹun. Típà ni mò ń wà nílùú yìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni mò ń kó. Ti Surugadai, lórí òkè, pupa ni, ó kúnná bí àtíkè. Àmọ́ ti Yurakucho, tí kò jìnnà sí ọgbà yẹn rárá, ẹrẹ̀ dúdú ni, ìkarahun wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi ṣa díẹ̀, ó wà nínú agolo nílé.

Nígbà tí ìjòyè ológun kan, Tokugawa Ieyasu, kó dé ní 1590, Edo ni wọ́n ń pe Tokyo, omi òkun sì dé ìdí ilé olódi tí jagunjagun kan, Ota Dokan, kọ́ ní 1457. Àwọn apẹja máa ń ri igi mọ́nú omi kí ewéko òkun tí wọ́n ń jẹ lè so mọ́ ọn. "Hibi" ni wọ́n ń pe igi yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ní Hibiya ti jáde. Ní 1603 tí Ieyasu di shogun, ìyẹn olórí ogun tó ń ṣàkóso Japan, ó ránṣẹ́ sáwọn ìjòyè tó nílẹ̀: lórí 1,000 koku ìrẹsì kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ ẹni bá ń mú wá, kó fi òṣìṣẹ́ kan ránṣẹ́. (Koku kan ni wọ́n ní èèyàn kan ń jẹ lọ́dún.) Wọ́n gé òkè Kanda, níbi tí Surugadai wà, wọ́n fi dí òkun. Kò sí katapílà o! Tó o bá dé Ochanomizu, wo odò tó wà nísàlẹ̀ jìn-ìn láàárín òkè méjì. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Chiba: Ẹ̀gbọ́n Onítípà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ti lu méjì pọ̀. Nǹkan bíi 1620 ni àwọn èèyàn ìjòyè Date Masamune láti Sendai ṣẹ̀ṣẹ̀ la òkè Ochanomizu já, kí odò Kanda lè gba ibẹ̀ kọjá, kó sì di yàrà fún ilé olódi. Hibiya ti dí ṣáájú ìyẹn. Ayọ̀, adágún Shinji tó wà nínú ọgbà yẹn, ìyókù yàrà àtijọ́ ni. Wo ògiri olókùúta tó wà létí ẹ̀.

Onítípà: Mo gbà, ìyá. Háà, gbogbo ẹni tó ti jókòó síwájú mọ́tò mi ni mo ti pa ìtàn yẹn fún!

Ayọ̀_Tokyo: Mo padà lọ lónìí, mo jẹun létí adágún. Mi ò bá bàbá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí ìkarahun kan gbà nínú agolo yẹn? Mo fẹ́ fi hàn wọ́n tí mo bá tún rí wọn.